Ṣíbí fàdákà àtijọ́ ní Iléṣà: ojúlówó ni ọjà, ìwé ara rẹ̀ ni kí ẹ yẹ̀ wò

Alágbẹ̀dẹ wúrà kan lágbègbè ọjà Atakúnmọ́sà ń ta ṣíbí fàdákà àtijọ́ mọ́ òrùka àti ẹ̀gbà. Òṣùwọ̀n ló fi ń tà á, kì í sì í ṣe òṣómàáló lé oníbàárà lórí bí owó bá kù. Ìwé pélébé tó ń lẹ̀ mọ́ ṣíbí ló kù díẹ̀ káàtó.

Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ "Hester Bateman" sí, orúkọ obìnrin alágbẹ̀dẹ fàdákà kan ní London. Lẹ́tà HB wà lẹ́yìn rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ òǹtẹ̀ orí Ọbabìnrin Victoria ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló tẹ̀ lé e. Bateman kú ní 1794. Victoria kò gorí oyè títí di 1837. HB mìíràn ló rọ ọ́. Orí ọba yẹn, ẹ̀rí pé wọ́n ti san owó ìjọba lórí fàdákà ni, láàárín 1784 sí 1890 ni wọ́n sì fi ń tẹ̀ ẹ́.

Ẹ gbé awò tó ń mú nǹkan tóbi dání. Lórí fàdákà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òǹtẹ̀ kìnnìún tó ń rìn ni kí ẹ kọ́kọ́ wá: 925 nínú 1,000 ni fàdákà. Ẹ wá òǹtẹ̀ ìlú tẹ̀ lé e: orí ẹkùn ni London, ìdákọ̀ró ni Birmingham, adé ni Sheffield títí di 1974. Ẹ mọ ìlú kí ẹ tó ka lẹ́tà tó ń sọ ọdún tí wọ́n tẹ òǹtẹ̀, torí ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ìdákọ̀ró gan-an ló ṣì wọ́n lọ́nà lórí ṣíbí mẹ́fà tí wọ́n pè ní ti Birmingham. Kìnnìún, ìdákọ̀ró àti G ni òǹtẹ̀ Gorham, ilé iṣẹ́ fàdákà ti Amẹ́ríkà, "STERLING" sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbàgàdà. Chantilly ni àrà rẹ̀, èyí tí Gorham gbé jáde ní 1895. Òun ló dára jù nínú ìsọ̀ náà.

Hanoverian àti Old English, irú ìdímú ṣíbí méjì, jọra. Ti àkọ́kọ́, ìpẹ̀kun ìdímú rẹ̀ tẹ̀ sókè, ti èkejì tẹ̀ sílẹ̀.

EPNS, ìyẹn àdàlù bàbà àti níkẹ́lì tí wọ́n kàn fi fàdákà bò, wà nínú abọ́ ọ̀tọ̀, fàdákà tí wọ́n fi bò ó ti ṣí lábẹ́ ikùn ṣíbí, ó ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Òòfà kò lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára fàdákà, kò fa èyí, kò fa tọ̀hún. Omi ló ń ṣe é: ẹ gbé ife omi sórí òṣùwọ̀n, ẹ dá a padà sí òdo, ẹ fi òwú so ṣíbí rì sínú rẹ̀ láì kan ìsàlẹ̀. Bí ṣíbí gíráàmù 62 bá fi 6 hàn, 62 pín sí 6 jẹ́ 10.3, fàdákà ni. Bó bá fi 7.1 hàn, EPNS ni.

Ẹ tètè sọ fún alágbẹ̀dẹ náà kó má fi ẹ̀rọ dán èyí tí ẹ bá rà. Méjì nínú àwọn ti àwo iwájú, ẹ̀rọ ti fá kìnnìún wọn títí ó fi ku ẹsẹ̀ nìkan.