Ecobank lọ́wọ́ oníṣòwò àdìrẹ: ohun tí mo rí

Tó bá jẹ́ pé owó yín kì í kọjá Abẹ́òkúta sí Èkó, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, báńkì orí fóònù tí ẹ ń lò ti tó. Àmọ́ àdìrẹ ni èmi ń tà ní Ìtòkú, oníbàárà mi tó ń kó ọjà jù sì wà ní Lomé ní Tógò. Ibẹ̀ ni Ecobank ti wúlò fún mi.

Tẹ́lẹ̀, awakọ̀ ló máa ń bá wa gbé owó. Wọ́n á ká sẹ́fà (CFA), owó tí wọ́n ń ná ní Tógò, sínú ọ̀rá dúdú, á gba Ìdìrókò wọlé, tó bá wá dé tán, ó di kí n máa wá àwọn Mọ́là tó ń ṣẹ́ owó kiri. Oorun ò ní kun ojú mi títí awakọ̀ á fi gúnlẹ̀. Mo wá gbìyànjú báńkì kan tí mi ò ní dárúkọ. Ẹ gbọ́ o: wọ́n ní owó tó ń ti Lomé bọ̀ ní láti gba New York kọjá kó tó dé Abẹ́òkúta! Kó tó dé, tibí ti yọ tiẹ̀, tọ̀hún ti yọ tiẹ̀, oníbàárà mi sì ti ń fura pé owó ti wà lọ́wọ́ mi, mo kàn ń sẹ́ ẹ ni.

Ní báyìí, oníbàárà mi á ṣí áàpù Ecobank, á bọ́ síbi Rapidtransfer tí wọ́n fi ń fi owó ránṣẹ́ sí orílẹ̀-èdè mìíràn, á yan Nàìjíríà, á tẹ nọ́ńbà àkáǹtì mi àti iye sẹ́fà tó fẹ́ san. Kó tó fọwọ́ sí i, iye náírà tí màá gbà á ti hàn. Ó máa ń ya ojú fóònù rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Tí iye yẹn ò bá bá ohun tí mo retí mu, a ó jọ sọ ọ́ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló wù mí jù. Àríyànjiyàn tó máa ń wáyé lẹ́yìn ọjà ti dópin.

Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe dá báńkì yìí sílẹ̀ á mọ̀ pé wọn ò ṣèèṣì. Láyé ìgbà yẹn, báńkì òkèèrè àti báńkì ìjọba ló gba gbogbo ojú ọjà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà: ti Faransé lọ́tọ̀, ti Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àpapọ̀ ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò agbègbè yìí ló gbé ọ̀rọ̀ náà dìde, ECOWAS tì wọ́n lẹ́yìn, wọ́n sì dá a sílẹ̀ ní Lomé lọ́dún 1985. Olóyè Adéyẹmí Lawson wà lára àwọn aṣáájú rẹ̀, ẹni tó dá Àgbárá Estate sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí, pẹ̀lú Gervais Koffi Djondo ará Tógò. Dọ́là mílíọ̀nù 32 ni wọ́n kọ́kọ́ kó jọ, látọwọ́ èèyàn àti iléeṣẹ́ tó lé ní 1,500. Ẹ wo iye ọwọ́ tó dá èésú yẹn!

Oṣù kẹta 1988 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu. Nígbà tó fi máa di 1990, wọ́n ti wà ní Tógò, Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀, Gánà àti Àbíjàn. Lọ́dún 2006, wọ́n gbé ìpín ìdókòwò wọn sí ọjà Èkó, Accra àti Àbíjàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 2011, wọ́n ra báńkì Oceanic ti Nàìjíríà. Ẹ̀yin tí ẹ ní àkáǹtì níbẹ̀ ẹ ó rántí bí pátákó ṣe yí padà. Ìjà àwọn ọ̀gá bẹ́ sílẹ̀ lókè ní 2013 sí 2014, ó ká ilé ìròyìn mọ́ra, ọ̀gá àgbà sì fipò sílẹ̀. Wọ́n ti wà ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 30 ní Áfíríkà báyìí. Fún èmi o, áàpù kan ṣoṣo tí wọ́n ṣe fún gbogbo wọn lọ́dún 2016 ló ṣe mí lóore ju ìyókù lọ.

Ohun kan wà tí báńkì kankan ò lè bá yín ṣe. Wọ́n so sẹ́fà mọ́ yúrò, 655.957 sí yúrò kan, kì í yẹ̀. Ìgbà kan tó já lulẹ̀ gidi ni oṣù kìíní 1994, nígbà tí wọ́n gé e sí ìdajì, àwọn ìyá wa lọ́jà sì ń sọ ọ́ dòní. Náírà ní tiẹ̀, láti oṣù kẹfà 2023 tí wọ́n ti tú u sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye rẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, sẹ́fà ni mo fi ń dá iye lé ọjà fún ará Lomé, mi ò kì í dá a ní náírà mọ́.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Náírà ló gba ọ̀kan tó kù. Tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ fún oníbàárà yín kó tẹ orúkọ yín bó ṣe wà lórí àkáǹtì gẹ́lẹ́, torí orúkọ ìdílé ni àwọn tó ń sọ Faransé sábà máa ń kọ́kọ́ kọ.