Trangia: Ààrò Onísípírítì fún Bàbá àti Ọmọ ní Ibùdó

Bí ó bá jẹ́ pé ohun èlò ìpàgọ́ kan ṣoṣo ni mo lè dábàá fún bàbá tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ Síkáòtù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ààrò Trangia ni n óò dárúkọ, n óò sì dárúkọ rẹ̀ ṣáájú àgọ́, ṣáájú àpò ìsùn, ṣáájú bàtà ìgunkè. Ọmọ mi wà ní ìsọ̀rí àwọn ọmọ ọdún 10½ sí 14 nínú ẹgbẹ́ náà, èmi náà sì máa ń bá wọn lọ sí ibùdó gẹ́gẹ́ bí òbí olùrànlọ́wọ́. Nígbà tí ẹgbẹ́ kò bá lọ, àwa méjèèjì a máa dá lọ. Nínú gbogbo ẹrù tí a ń gbé, ààrò yìí nìkan ni kì í jẹ́ kí ẹnì kan jókòó tẹtẹrẹ kí ẹnì kejì máa ṣe làálàá. Nítorí èyí ni mo ṣe fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, àti ire rẹ̀ àti àléébù rẹ̀.

Orílẹ̀-èdè Sweden ni Trangia ti wá. Ilé-iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Trångsviken ní ọdún 1925, wọ́n sì gbé irú ààrò tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí jáde ní ọdún 1951. Láti ìgbà náà, bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, nítorí ohun tó lè bàjẹ́ nínú rẹ̀ kò pọ̀. Kò ní pọ́ǹpù, kò ní páìpù tí ìdọ̀tí lè dí, kò sì ní òwú bíi ti sítóòfù oníkẹrosíìnì tí àwa tí a dàgbà nílé, ní Nàìjíríà, mọ̀ dunjú. Ife idẹ kékeré kan ni a ń da sípírítì sí. A ó gbé ife náà sí àárín ìdí ààrò, níbi tí wọ́n lu ihò sí yí ká; a ó fi ìdènà afẹ́fẹ́ lé e lórí; ìkòkò yóò wá rì sínú ìdènà náà tó bẹ́ẹ̀ tí ìwọ̀nba ooru díẹ̀ ni yóò ráyè sá lọ. Bí a bá ti jẹun tán, gbogbo rẹ̀ ni yóò kó sínú ara wọn bí igbá inú igbá, páànù ìdínyin yóò di ìdérí, a ó sì fi bẹ́líìtì kékeré kan dè é pọ̀.

Ìwọ̀n méjì ni ó wọ́pọ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní 27 wà fún ẹnì kan tàbí ènìyàn méjì: ìkòkò rẹ̀ méjèèjì gba líítà kọ̀ọ̀kan, páànù rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 18, ó sì fúyẹ́, kò tó kílò kan. Èyí tí wọ́n ń pè ní 25 tóbi jù ú lọ, ìkòkò rẹ̀ gba líítà 1.75 àti líítà 1.5, páànù rẹ̀ sì fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 22. Àwọn tí ń tà á yóò sọ fún yín pé 27 tó fún bàbá àti ọmọ. Ó tó lóòótọ́ fún ẹni tí yóò bu omi gbígbóná sí oúnjẹ inú ọ̀rá, ṣùgbọ́n ìkòkò líítà kan kò gba ìrẹsì tí ènìyàn méjì yóò jẹ yó lẹ́yìn tí wọ́n ti rìn láti òwúrọ̀. 25 ni a ń lò nílé wa, òun náà ni mo sì dámọ̀ràn fún ẹni tó bá fẹ́ jẹ oúnjẹ wa ní ibùdó.

Ọ̀rọ̀ epo rẹ̀ ṣe pàtàkì. Sípírítì ni, kì í ṣe kẹrosíìnì, kì í sì í ṣe bẹntiróòlù. Ẹni tó bá da bẹntiróòlù sínú ife náà ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ṣeré. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n máa ń fi àwọ̀ àlùkò sí sípírítì tí wọ́n ń tà ní ìsọ̀ irinṣẹ́, wọ́n sì ń jẹ́ kí ó korò kí ẹnikẹ́ni má baà mu ún. Nílé ní Nàìjíríà, ilé ìtajà oògùn ni a ti ń rí i, níbi tí a ti ń ra èyí tí a fi ń nu ojú egbò. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ béèrè bóyá ògógóró lè rọ́pò rẹ̀, omi inú ògógóró pọ̀ jù, kò ní jó dáadáa. Síbẹ̀, omi díẹ̀ wúlò nínú sípírítì: bí a bá fi omi tí kò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ sí i, ìdí ìkòkò kò ní dúdú tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ má ṣe rọ sípírítì sínú ike omi mímu láéláé, ì báà jẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, nítorí òùngbẹ kì í jẹ́ kí ọmọdé wo ohun tó gbé sẹ́nu. Trangia ń ta ìgò tirẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ kì í ṣí àfi bí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́. Bí ọwọ́ bá ti kúrò níbẹ̀, epo dá nìyẹn.

Mo ti dé ibi tí mo fẹ́ kí gbogbo òbí fara balẹ̀ kà. Iná sípírítì kì í hàn lójú ọ̀sán. Kò ní èéfín, kò pariwo, bí oòrùn bá sì ràn, ènìyàn lè wo inú ife náà kí ó rò pé òfìfo ni, bẹ́ẹ̀ iná ń jó níbẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ní Gilwell Park, ilẹ̀ tí ẹgbẹ́ Síkáòtù ti ní láti ọdún 1919 lẹ́bàá igbó Epping, òbí kan bi ọmọ mi léèrè bóyá kò tíì ṣáná sí ààrò ni. Ọmọ náà kò fèsì. Ó kọ́kọ́ na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sókè réré, ní òkè ibi tí ìkòkò yóò jókòó sí, ó dúró díẹ̀ títí tí ooru fi kan án, ó wá ní, "Ó ti ń jó, mà. Ẹ dákun, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀." Mo wà ní ìtòsí, inú mi dùn ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Jàǹbá tí a sábà máa ń gbọ́ nípa irú ààrò yìí kì í ti ibi títàn rẹ̀ wá, ibi àtúnrọ ni ó ti ń wá. Oúnjẹ kò tíì jinná, iná ti kú, tàbí ó jọ pé ó ti kú, ni ẹnì kan yóò bá gbé ìgò, tí yóò da epo lé e lórí. Bí iná díẹ̀ bá ṣì wà nísàlẹ̀, yóò gba ojú epo gun òkè lọ bá ọwọ́. Nítorí náà, àwa méjèèjì pín iṣẹ́. Ìkáwọ́ mi ni ìgò epo wà, ìkáwọ́ ọmọ ni ife idẹ àti ìṣáná wà, kò sì sí ẹni tí í ṣe iṣẹ́ ẹnì kejì. Bí iná bá kú, ọmọ ni yóò dúró títí ife yóò fi tutù, òun ni yóò sì gbé e wá bá mi níbi tí mo jókòó sí, jìnnà sí ààrò.

"Ṣé ó ti tutù?"

"Ó ti tutù, sà."

"Báwo ni o ṣe mọ̀?"

"Mo ti dì í mú ní ọwọ́ lásán. Ẹ gbà, ẹ dì í mú wò."

N óò gbà á, n óò fọwọ́ yí i ká, kí n tó ṣí ìgò. A kì í fo èyí kankan, bí ebi tilẹ̀ ń pa wá. Òfin méjì mìíràn tún wà. A kì í tan án nínú àgọ́, nítorí gbogbo iná ìdáná ló ń tú carbon monoxide jáde, ohun tí kò ní òórùn tí ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun. A kì í sì í dé ìdérí onírọ́bà mọ́ ife náà nígbà tí ó ṣì gbóná, nítorí rọ́bà náà yóò yọ́, epo yóò sì máa jò sínú àpò ní gbogbo ọ̀nà ilé.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló kàn, mo sì gbà pé níbí ni ààrò yìí ti bá ilé Yorùbá mu ju bí àwọn tó ṣe é ti lè rò lọ. Bí a bá rọ ife idẹ kún, yóò jó tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 25, omi líítà kan yóò sì hó ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 8 sí 10 bí ojú ọjọ́ bá dára. Èbà ṣe é jẹ lórí irú iná bẹ́ẹ̀ láìsí wàhálà kankan: omi hó, a fi ẹ̀mú gbé ìkòkò kúrò lórí iná, a wọ́n gàrí sí i, a dé e, a sì gbé ìkòkò ọbẹ̀ tí ó ti dì gbagidi nínú fìríìsà nílé, tí ó sì ti ń yọ́ bọ̀ nínú àpò, lé iná tó ṣẹ́ kù. Èbà àti ọbẹ̀ ata pẹ̀lú ẹran yóò wà nílẹ̀ kí epo ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó tán. Ọmọ mi ni ó ń ro ó báyìí, kò sì ní kókó.

Ìrẹsì gba sùúrù díẹ̀ sí i. Òrùka kan wà tí a ń gbé lé orí ife láti dín iná kù, ó sì ní ìlẹ̀kùn kékeré tí a lè fà sí ọ̀tún tàbí sí òsì bí a bá ṣe fẹ́ kí iná mọ. Ẹ fà á sí ibi tí ẹ fẹ́ kí iná tó jó, nítorí bí iná bá ti wà nílẹ̀, ẹ̀mú nìkan ni ẹ lè fi gbé òrùka náà, ó sì gbọ́dọ̀ jókòó déédéé. Bí ó bá wọ́, iná yóò máa yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìdí ìrẹsì yóò sì jóná. Ẹyin tí a po mọ́ sadíìnì àti àlùbọ́sà dùn lórí rẹ̀ ní òwúrọ̀, ògì àti òótìsì kò sì le rárá. Ní ti ẹ̀wà, ẹ fi í sílẹ̀ nílé, nítorí epo tí yóò jẹ kí ó tó rọ̀ kò ṣe é gbé sẹ́yìn. Dòdò pàápàá ni mo fi òfin dè: òróró gbígbóná nínú páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, iná gbangba lábẹ́ rẹ̀, ọmọdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò bójú mu.

Gáàsì yára ju Trangia lọ, kí a má parọ́. Ààrò onígáàsì tó dára lè hó omi líítà kan ní ìdajì àkókò náà, kò ń béèrè àtúnrọ, iná rẹ̀ sì ṣe é dínkù nígbàkúgbà. Bí ẹ bá ń sáré, bí òjò bá ń rọ̀ tí gbogbo ènìyàn fẹ́ mu tíì kíákíá, gáàsì ni ẹ ó fẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ Síkáòtù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì ń lo orí gáàsì tí wọ́n ṣe fún Trangia gan-an, tí a ń fi rọ́pò ife idẹ, n kò sì bá wọn wí. Ṣùgbọ́n mo ti kíyè sí i pé bí gáàsì bá dé, bàbá ni ó máa ń dáná, ọmọ a sì lọ jókòó sí ìdí fóònù títí wọn yóò fi pè é wá jẹun. Trangia ń béèrè ọwọ́ mẹ́rin. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí omi fi ń lọ́ra yẹn ni ọmọ mi fi máa ń sọ ohun tí kò sọ fún mi láti ọjọ́ Ajé, láìjẹ́ pé mo bi í léèrè.

Afẹ́fẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó ń da ọ̀pọ̀ ààrò láàmú, kì í da èyí láàmú. Ihò ìdí rẹ̀ ni a ń kọ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, afẹ́fẹ́ yóò gba abẹ́ wọlé, iná yóò sì gbóná sí i. Òtútù ni ọ̀tá rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá dì, sípírítì kì í fẹ́ gbiná, àfi kí a ti kọ́kọ́ fi ife náà sínú àpò ẹ̀wù fún ìgbà díẹ̀ kí ó lọ́wọ́ọ́rọ́. Ìdí ìkòkò yóò sì dúdú díẹ̀ bí ẹ bá tilẹ̀ fi omi sí epo. Ẹ wá aṣọ tí ẹ ó máa fi wé e.

Ẹgbẹ́ Síkáòtù dé Nàìjíríà ní ọdún 1915, ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn tí Baden-Powell, ẹni tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, kó àwọn ọmọkùnrin lọ pàgọ́ sí erékùṣù Brownsea. Àwọn bàbá tó wọ káàkì, tí wọ́n so súkáàfù mọ́rùn nílé ìwé nígbà tiwọn, orí òkúta mẹ́ta ni wọ́n ti kọ́ ìdáná, wọ́n sì lè máa rò pé iṣẹ́ òyìnbó lásán ni èyí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ibùdó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níhìn-ín ni kò gbà kí a dá iná sílẹ̀ẹ́lẹ̀, nítorí koríko tí yóò jó. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé náà, tí ẹ ń mú ọmọ gun Òkè Ìdànrè tàbí lọ sí ibi omi tó ń já bọ́ láti orí àpáta ní Ẹ̀rìn Ìjẹ̀ṣà, yóò rọrùn fún yín láti ṣọ́ iná inú ife ju iná igi lọ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí ẹ bá ṣá ti gbá ewé gbígbẹ kúrò nílẹ̀ ná.

Ní ti ríra rẹ̀, àlòkù kò burú, nítorí pé ààrò yìí máa ń pẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn, wọ́n sì ń ta ẹ̀yà rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ yẹ rọ́bà inú ìdérí ife wò bóyá kò tíì là, ẹ wò ó bóyá ife náà kò tẹ̀, kí ẹ sì rí i pé òrùka àti ẹ̀mú wà nínú rẹ̀, torí àwọn wọ̀nyí ni ó sábà máa ń sọnù. Owó tí ẹ bá dín kù níbẹ̀, ẹ fi ra ìgò elépo tí mo sọ, kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọ yín tan ààrò náà ní ẹ̀yìnkùlé, lójú yín, kí ẹ tó gbé e lọ sí ibùdó kankan.