Ìsọ̀ àtúnṣe kọ̀ǹpútà kan ní South Gate, Àkúrẹ́: wọn kò pa ẹ̀rọ lẹ́nu mọ́

Ìsọ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà ní South Gate FUTA, láàárín àwọn tó ń tẹ iṣẹ́ àṣekágbá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kò sì ní pátákó ńlá kankan níwájú. Laptop Linux tí a fi ń ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mo gbé lọ síbẹ̀, nítorí pé ojoojúmọ́ ni àkọsílẹ̀ kernel rẹ̀ (ọkàn Linux tó ń darí irin ẹ̀rọ) ń kún fún gbólóhùn kan náà, “PCIe Bus Error: severity=Corrected”, tí ó sì ń wú débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo àyè tó ṣẹ́ kù lórí dísìkì. PCIe ni ọ̀nà tí dátà ń gbà láàárín mọ́dábọ́ọ̀dù àti àwọn kádì inú ẹ̀rọ. Níbi tí mo ti kọ́kọ́ gbé e lọ, wọ́n fi pci=noaer kún àṣẹ tí kernel fi ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì gba owó iṣẹ́. Lóòótọ́ ni àkọsílẹ̀ dákẹ́, ṣùgbọ́n Wi-Fi kò yé já, nítorí pé ìròyìn àṣìṣe nìkan ni àṣẹ yẹn ń dá dúró, kò kan àṣìṣe fúnra rẹ̀.

Ọmọbìnrin tó gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ mi ní South Gate kọ́kọ́ yọ àṣẹ yẹn kúrò. Ó ní, “Mọ̀mí, ẹ jẹ́ kó sọ tẹnu ẹ̀ ná.” Nọ́ńbà tí kernel dárúkọ jẹ́ ti ojú ọ̀nà kan lórí mọ́dábọ́ọ̀dù, ó sì fi lspci, àṣẹ tó ń to àwọn ẹ̀rọ orí PCIe lẹ́sẹẹsẹ, wá ohun tó so mọ́ ọn, ó rí i pé kádì Wi-Fi ni. Ó wá ṣí fáìlì aer_dev_correctable tó wà fún ojú ọ̀nà náà lábẹ́ /sys, níbi tí kernel ti ń ka iye àṣìṣe. Bó ṣe fi ọwọ́ tẹ ìdí laptop díẹ̀ ni iye tó wà níwájú RxErr (àṣìṣe nínú gbígba dátà) ń gòkè lójú èmi àti òun.

Àlàyé tó ṣe ló wú mi lórí jù. Gbogbo ìdì dátà tó ń gba orí PCIe kọjá ló ní nọ́ńbà àyẹ̀wò tirẹ̀. Bí ẹni tó gbà á bá rí i pé ó ti bàjẹ́, yóò ní kí wọ́n tún un fi ránṣẹ́, irin ẹ̀rọ sì ń ṣe èyí fúnra rẹ̀ kí kernel tó gbọ́. Ìyẹn ni “Corrected”: dátà kankan kò sọnù, ṣùgbọ́n bó bá ti ń léra bẹ́ẹ̀, ó dà bí ikọ́ ọmọdé tí kò dá a dúbúlẹ̀ tí kò sì lọ. Èyí tó le jù ú ni “Non-Fatal”, tí iṣẹ́ kan sọnù ṣùgbọ́n tí ọ̀nà ṣì dára. Bó bá wá di “Fatal”, ọ̀nà fúnra rẹ̀ kò ṣeé gbọ́kàn lé mọ́. Nígbà náà, kernel á ké sí error_detected nínú driver (ètò tí kernel fi ń darí ẹ̀rọ kan) pé kó dáwọ́ dúró, á tún ọ̀nà náà bẹ̀rẹ̀, á ké sí slot_reset kí driver tún ẹ̀rọ tò, á sì fi resume jẹ́ kí iṣẹ́ máa lọ. Driver tí wọn kò kọ ìgbésẹ̀ wọ̀nyí sí kò jẹ́ kí kernel rí ọ̀nà gba ẹ̀rọ náà là.

Ó kọ́kọ́ fi pcie_aspm=off dán an wò, bóyá ìfipamọ́ agbára iná ló fà á. Iye náà kò yé gòkè, ló bá ṣí i. Nọ́ọ̀tì tó di kádì náà mú ti tú, eruku ọyẹ́ sì ti bo ojú irin aláwọ̀ wúrà tó fi ń kan mọ́dábọ́ọ̀dù. Ó fi spírítì nù ún, ó dè é, ó yọ pcie_aspm=off kúrò. RxErr wà lórí 0 títí mo fi gbé e kúrò níbẹ̀, Wi-Fi kò sì já mọ́.

₦7,000 ni wọ́n gbà, wọn kò ta kádì tuntun fún mi. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé èrò pọ̀, a máa ń dúró pẹ́, wọn kì í sì í kọ ohun tí wọ́n ṣe sórí ìwé, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kí oníbàárà mú àkọsílẹ̀ yẹn lọ sílé. Wọ́n ń tọ́jú ti Windows náà, níbi tí irú ìròyìn yìí ti ń jáde lábẹ́ WHEA-Logger, orúkọ tí Windows fi ń kọ àṣìṣe irin ẹ̀rọ sílẹ̀. Ẹ da fáìlì yín kọ sí ibòmíràn kí ẹ tó lọ, kí ẹ sì tètè dé láàárọ̀.