Mo fi lésà lé irùngbọ̀n mi, kò tíì lọ tán
Ẹ̀gbọ́n màmá mi gbà pé obìnrin tó bá nírùngbọ̀n, owó ń bọ̀ lọ́nà. Láti ọmọ ọdún 19 ni mo ti ń retí owó yẹn, irun nìkan ló ń dé.

Wọ́n ṣàyẹ̀wò fún mi, wọ́n ní PCOS ni, àìsàn họ́mọ̀nù obìnrin tó lè mú irun hù lágbọ̀n. Mo ń lo oògùn ẹ̀, ṣùgbọ́n irun tó ti hù kò gbọ́ tẹnu oògùn. Ìdájí ni mo máa ń dìde, tí màá dúró níwájú dígí pẹ̀lú ẹmú kékeré, tí màá máa fà á tu lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tí mo bá ti fà á á wú, á sì dúdú.

Ibi tí mo kọ́kọ́ lọ, mi ò ní dárúkọ wọn. Ṣọ́ọ̀bù onírun kan ni, wọ́n kọ ọ́ sí ara ògiri pé lésà làwọn ń ṣe. Irọ́ ni. IPL ni wọ́n ń lò, iná tó ń kọ mànà bíi ti kámẹ́rà. Wọn ò bi mí ní nǹkan kan, wọn ò kọ́kọ́ dán an wò lójú kan. Ó jó mi níbi mẹ́ta, oṣù márùn-ún ni àpá ẹ̀ fi dúdú bí èédú. Nígbà tí mo pè wọ́n, wọ́n ní kí n fi òróró àgbọn pa á. Àgbọn fún àgbọ̀n!

Ilé ìwòsàn awọ tí mo ń lọ báyìí wà ní Ìkẹjà. Kí n tó sanwó ni mo ti béèrè orúkọ ẹ̀rọ wọn: Nd:YAG, irú lésà kan tí nọ́ńbà ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ jẹ́ 1064. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dúdú bíi tèmi, ẹ di nọ́ńbà yẹn mú. Dúdú inú irun ni lésà ń wá kiri. Tó bá ti bá a, á di ooru, ooru yẹn ló ń pa gbòǹgbò irun. Wàhálà ibẹ̀ ni pé awọ tiwa náà dúdú. Alexandrite, ìyẹn lésà mìíràn tí nọ́ńbà tiẹ̀ jẹ́ 755, lè má mọ̀yàtọ̀, kó jó awọ mọ́ irun. 1064 kì í fi bẹ́ẹ̀ dá sí dúdú òkè awọ, ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ló ń lọ.

Ohun tó le jù kì í ṣe ìrora. Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ fa irun tu fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, torí bí gbòǹgbò bá ti kúrò, kí ni lésà fẹ́ pa? Abẹ nìkan ni mo lè fi fá a. Ìbòmú ni mo ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ bí ìgbà kòrónà.

Lọ́jọ́ náà, gíláàsì dúdú lójú, jẹ́ẹ̀lì tútù lágbọ̀n. Ó ń ta bí ìgbà tí epo àkàrà bá ta síni lára, òórùn ẹ̀ sì dà bíi ti ewúrẹ́ tí wọ́n ń fi iná jó irun ẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọjọ́ kejìlá, irun bẹ̀rẹ̀ sí í já sórí táwẹ́ẹ̀lì. Mo yọ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta, òmíràn yọrí! Wọ́n ní kì í ṣe gbogbo irun ló ń hù lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tó bá ń hù lọ́wọ́ nìkan ni lésà ń rí pa. Ìdí nìyẹn téèyàn fi ń padà lọ.

Mo ti lọ lẹ́ẹ̀mẹfà, 40,000 náírà lẹ́ẹ̀kan. Ojoojúmọ́ ni mo ń fá a tẹ́lẹ̀, ó ti di ẹ̀ẹ̀kan lọ́jọ́ mẹ́wàá, irun náà sì ti rọ̀. Funfun méjì wà níbẹ̀ tí lésà kò rí, torí kò sí dúdú kankan nínú wọn. Dókítà ò sì tàn mí: pẹ̀lú PCOS, òmíràn ṣì máa hù, màá máa padà wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ní mo ń fi owó lé owó lọ.

Ẹjọ́ tí mo ní pẹ̀lú wọn ò ju méjì lọ. Àkọ́kọ́, lẹ́ẹ̀kẹta tí mo lọ, iná lọ nígbà tí wọ́n ṣe apá ọ̀tún tán, ìdajì wákàtí ni mo fi dùbúlẹ̀ kí jẹnẹrétọ̀ tó dáhùn. Èkejì, aago 11 tí wọ́n bá fún yín, ẹ lè dúró di 1. Ti 9 àárọ̀ ni kẹ́ ẹ gbà.