Ìkìlọ̀ fáwọn onípíkọ́ọ̀pù Ìkòròdú: "ṣíìpù" tí wọ́n ní ó ń fi kún agbára ẹ́ńjìnì, gbájúẹ̀ ni o

Ẹ̀yin ará mi tẹ́ ẹ ń wa Tacoma, Hilux, Frontier àtijọ́, gbogbo píkọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó ń lo nọ́súlù tí kì í ṣe kabúrétọ̀, kẹ́ ẹ tó kówó fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun fẹ́ fi kún agbára ẹ́ńjìnì yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí tán ná. Ọkùnrin kan wà tó ń rìn láàárín Agric sí Sábó, ó máa ń dé Òdogunyàn náà, mi ò ní dárúkọ ẹ̀ torí a fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yẹn dé iwájú àwọn àgbà mẹkáníìkì, iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi dá a mọ̀. ₦110,000 ló gbà lọ́wọ́ mi. Ohun tó tún yọ lọ lábẹ́ mọ́tò mi, ó ṣeé ṣe kówó ẹ̀ ju ìyẹn lọ.

Tacoma tèmi, mọ́dẹ́lì 1998 ni, ẹ́ńjìnì 2.7 oní pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́rin, gíà àfọwọ́kì. Oúnjẹ ẹja ni mo fi ń kó, mo máa ń kó o lÓdogunyàn lọ fáwọn olóko ẹja n'Íjẹ̀dẹ̀ àti Ìmọ̀ta, nígbà míì mo máa ń gba Ìtóìkín dé Ẹpẹ́. Báàgì ogójì lẹ́ẹ̀kan, kìlò 15 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn kìlò 600, kì í sì í ráhùn tẹ́lẹ̀. Àfi bí nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn tí kò fà mọ́. Tí mi ò bá kó ẹrù, á máa lọ wẹ́rẹ́, àmọ́ tí mo bá ti kó ẹrù tí mo débi tí ilẹ̀ ti ga díẹ̀, mo lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pátápátá, á kàn máa gbọ̀n jìgìjìgì ni, mo gbọ́dọ̀ já gíà wálẹ̀ káwọn dánfó tó wà lẹ́yìn mi má baà máa ṣépè. Ẹ rántí ìyẹn, pé tí kò bá sí ẹrù lẹ́yìn ẹ̀ kò sí wàhálà, torí ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti mú mi.

Ẹnì kan tá a jọ ń kẹ́rù ló mú ọkùnrin yẹn wá, ó ní ó ti bá òun ṣe é rí. Ọkùnrin náà jẹ́jẹ́, ó mọ̀ọ̀yàn kí, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀, wọ́n kàn so brain box yín mọ́lẹ̀ láti Amẹ́ríkà ni, èmi ni mo máa tú u." Kọ̀ńpútà tó ń darí ẹ́ńjìnì ló ń pè ní brain box. Ó ní ṣíìpù òun á fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta kún agbára ẹ̀, epo tí mò ń rà á sì dín kù. Ó fi fídíò hàn mí lórí fóònù, mọ́tò kan wà lórí ẹ̀rọ, nọ́ńbà ń gòkè. Mi ò béèrè irú mọ́tò wo nìyẹn. Ọmọ tó ń kàwé lọ́wọ́, ìyá tó wà nílé, owó tí mo ti jẹ oníbàárà, gbogbo ẹ̀ ló wà lọ́rùn mi lọ́jọ́ yẹn, mo sì fẹ́ kí mọ́tò yẹn fà.

Ohun mẹ́ta ló ṣe. Ó ki páálí dúdú kékeré kan bọ ihò tó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù lápá ẹsẹ̀ awakọ̀, ihò táwọn tó ń sikáànì mọ́tò máa ń lò, iná pupa àti iná búlúù sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú wìnkìnwìnkìn. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ṣe nǹkan sára wáyà kan níbi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, ó fi téèpù dúdú wé e. Lẹ́yìn náà ló wọ abẹ́ mọ́tò, ó ní kátálíìsì tó wà lára sàlẹ́ńsà, èyí tó ń fọ èéfín mọ́tò mọ́, ló ń fún ẹ́ńjìnì mi lọ́rùn, ó gé e kúrò, ó jó páìpù gbọọrọ sípò ẹ̀. Mo rí i tó gbé kátálíìsì yẹn sínú àpò, ó ní pàǹtí ni, òun á bá mi gbé e jù nù.

Ó ní ká wọ̀ ọ́ wò. A wọ̀ ọ́ wò láìkó nǹkan kan sẹ́yìn ẹ̀, ariwo sàlẹ́ńsà tó ti pọ̀ sí i wá jẹ́ kó dà bíi pé mọ́tò ń fò. Ó ní mi ò tíì rí nǹkan kan, mo gbọ́dọ̀ wà á tó 200 kìlómítà kí ṣíìpù yẹn tó kọ́ bí mo ṣe ń wakọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ 200 kìlómítà yìí, ẹ dìde. Ọgbọ́n tí wọ́n fi ń ra àkókò ni. Kéèyàn tó wà á tó bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà tó fi ń pè wọ́n kì í lọ mọ́.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ẹ̀, mo kó báàgì ogójì, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ náà ló wà. Ó tún burú sí i torí pé check engine ti tanná, epo tó ń gbé mi lọ gbé mi bọ̀ Ẹpẹ́ tẹ́lẹ̀ kò gbé mi délé mọ́. Mo pe nọ́ńbà ẹ̀, kò wọlé. Orúkọ tó wà lórí àkáǹtì tí mo fi owó ránṣẹ́ sí, kì í ṣe orúkọ tó pe ara ẹ̀ fún mi.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń tún fóònù ṣe ní Sábó ló bá mi tú páálí yẹn. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí. Ihò yẹn, láti mọ́dẹ́lì 1996 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti fi dandan lé e fún mọ́tò ilé àti píkọ́ọ̀pù, ojú mẹ́rìndínlógún ló ní, wọ́n fi nọ́ńbà pè wọ́n láti ojú 1 dé ojú 16, ojú kọ̀ọ̀kan ló sì níṣẹ́ ẹ̀. Ojú 16 ló ń gbé iná bátìrì wá, ojú 4 ni ilẹ̀. Lára àwọn Toyota ìgbà yẹn, ojú 2 tàbí ojú 7 ni brain box fi ń báàyàn sọ̀rọ̀. Ojú 6 àti 14 tí brain box mọ́tò ìsinsìnyí fi ń sọ̀rọ̀, àsìkò yẹn kò sí lára tiwa, ọdún 2008 ni Amẹ́ríkà tó sọ ọ́ di dandan. Nínú páálí tí mo fi owó rà, ojú 16 àti ojú 4 nìkan ni wáyà wà. Ojú 2 àti ojú 7 ṣófo gbáú, kò sí irin kankan níbẹ̀. Inú ẹ̀, gílóòbù kéékèèké mẹ́ta àti nǹkan ṣínṣín kan tó ń jẹ́ kí wọ́n máa ṣẹ́jú. Ó ń jẹ iná bátìrì mi, ó ń tàn, kò bá brain box sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ojú lásán lẹ fi máa rí i tẹ́ ẹ bá yí ẹnu ẹ̀ sókè, ẹ ò nílò kẹ́ ẹ tú u.

Èyí tó fi téèpù wé, résítọ̀ ni, nǹkan tíńtín kan tó ń dín iná tó ń gba inú wáyà kọjá kù. Òun ni wọ́n máa ń tà fáwọn tí mọ́tò wọn ti ju 1996 lọ sẹ́yìn tí kò ní ihò yẹn, wọ́n á fi í sínú páálí kékeré pẹ̀lú wáyà méjì, wọ́n á pè é ní ṣíìpù. Owó péréte ni résítọ̀ lọ́jà àwọn tó ń tún rédíò ṣe. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé: sẹ́ńsọ̀ kan wà tó ń sọ fún brain box bí atẹ́gùn tó ń wọlé ṣe gbóná tó. Résítọ̀ yẹn á máa parọ́ fún un pé atẹ́gùn tutù, brain box á sì fẹ́ fi epo kún un torí atẹ́gùn tútù máa ń ki ju atẹ́gùn gbígbóná lọ. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn Ìkòròdú ò tutù nítorí pé ẹnì kan so résítọ̀. Epo ló pọ̀ sí i, atẹ́gùn ò pọ̀ sí i. Tó o bá ń lọ jẹ́jẹ́, sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn tó wà lára sàlẹ́ńsà á rí i pé epo ti pọ̀ jù, á ní kí wọ́n dín in kù, ṣùgbọ́n tó o bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kì í rí ọ̀rọ̀ sọ, epo á kàn máa ṣòfò. Pọ́lọ́ọ̀gì mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúdú bí ìdí ìkòkò nígbà tá a yọ wọ́n.

Bàbá mẹkáníìkì kan n'Ítàmágà ló padà yanjú ẹ̀. Bàbá ò gba owó kankan kí wọ́n tó wò ó. Wọ́n fi géèjì wọn agbára epo, ó wà ní 40 PSI, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn agbára tó ń ti epo, ìwé Toyota ní kó wà láàárín 38 sí 44 fún ẹ́ńjìnì yìí, wọ́n ní epo ò níṣòro. Wọ́n wọn kọ̀ńpúréṣọ̀n níbi pọ́lọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn bí ẹ́ńjìnì ṣe ń fún atẹ́gùn pọ̀ tó, ó dáa. Wọ́n wá ní kí n dúró dalẹ́. Nígbà tílẹ̀ ṣú, wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n tan ẹ́ńjìnì, wọ́n fọ́n omi fẹ́ẹ́rẹ́ sára wáyà pọ́lọ́ọ̀gì, ẹ̀yin èèyàn mi, mo fojú mi rí iná búlúù tó ń fò láti ara wáyà sára irin. Wáyà ti là. Wọ́n ní tí ẹrù bá wà lẹ́yìn mọ́tò téèyàn sì tẹ̀ ẹ́, ó máa ń ṣòro fún iná láti fò lẹ́nu pọ́lọ́ọ̀gì, á wá gba ibi tó là jáde, tí kò bá sí ẹrù, á rọrùn fún un, á lọ síbi tó yẹ. Ìdí nìyẹn tí oníjìbìtì yẹn ò fi jẹ́ ká kó báàgì kan sẹ́yìn lọ́jọ́ tó ní ká wọ̀ ọ́ wò. Wáyà tuntun, pọ́lọ́ọ̀gì tuntun, wọ́n yọ résítọ̀, ó tán. Owó tí mo ná níbẹ̀ ò tó ìdajì èyí tí oníjìbìtì yẹn gbà lọ́wọ́ mi.

Ọ̀rọ̀ kátálíìsì ló dùn mí jù. Plátínọ̀mù, paládíọ̀mù àti ródíọ̀mù ló wà nínú ẹ̀, àwọn kan wà tí wọ́n ń rà á kiri lówó gidi, tí wọ́n ń kó o jáde nílẹ̀ yìí. Lóòótọ́ ó lè dí, tó bá sì dí mọ́tò ò ní fà, bàbá ò jiyàn ìyẹn, ṣùgbọ́n wọ́n ní géèjì wà tí wọ́n fi ń wò ó kéèyàn tó gbé ayùn sí i. Ta ló fi géèjì wo tèmi? Bó tiẹ̀ wá dí náà, tiyín ni, ẹ gbé e délé. Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun á bá yín gbé e sọ nù, ohun tó wá ṣe nìyẹn, ṣíìpù tó ń ṣẹ́jú yẹn ni wọ́n fi bo ojú yín.

Ká sọ òótọ́ fúnra wa, ẹ́ńjìnì 2.7 yìí, 150 họ́ọ̀sì páwà ló ní nígbà tó wà ní tuntun, V6 3.4 tí wọ́n fi sínú Tacoma ìgbà kan náà ní 190. Atẹ́gùn tó ń mu ló ń pinnu ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó ju bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ wá bí atẹ́gùn ṣe máa pọ̀, ó lè jẹ́ tọ́bò, ó lè jẹ́ ẹ́ńjìnì ńlá, owó ńlá niyẹn, iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ sì ni, ẹnì kan ò lè ṣe é láàárín wákàtí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè ní àìlágbára, agbára tó ti sọnù ni: wáyà, pọ́lọ́ọ̀gì, nọ́súlù tó dọ̀tí, fítà atẹ́gùn, kílọ́ọ̀ṣì tó ń yọ̀, bíréèkì tó há mọ́ táyà.

Ẹ̀yin tí ọkùnrin yẹn ti bá ṣiṣẹ́ ní tiyín, ẹ lọ wo ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé lálẹ́ òní, tẹ́ ẹ bá rí téèpù dúdú tuntun lára wáyà, résítọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀ kẹ́ ẹ tó ní kí rewáyà tú u, kó so wáyà padà bó ṣe wà, ẹ tọ́jú páálí yẹn náà àti àlẹ́ẹ̀tì owó tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́. A ti pé mẹ́ta báyìí tó jẹ́ ẹnì kan náà ló ṣe é fún wa, ọjọ́ Sátidé la sì fẹ́ jọ kó gbogbo ẹ̀ lọ síwájú àwọn àgbà mẹkáníìkì.