Télọ̀ Ìtòkú tó ń tún yúnífọ́ọ̀mù rán lọ́fẹ̀ẹ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ábẹ́òkúta, ẹ jẹ́ n sọ ti aránṣọ kan fún yín. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ò tóbi, ẹ̀yìn àwọn aládìrẹ Ìtòkú ló wà, tẹ́ ẹ bá ti Kútọ̀ bọ̀ ẹ sọ fún ọlọ́kadà pé Ìtòkú, tẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ kẹ́ ẹ béèrè Àǹtí Yúnífọ́ọ̀mù, bẹ́ẹ̀ làwọn ọmọ àdúgbò ń pè é, wọ́n á mú yín débẹ̀.

Aṣọ tèmi ni mo kọ́kọ́ gbé lọ, ìró àti bùbá àǹkárá, 7,000 náírà ló gbà. Ọrùn bùbá yẹn jókòó dáadáa, apá ò fún mi, tẹ́ ẹ bá sì yí inú ẹ̀ síta ẹ ò ní rí òwú kan tó ń já kiri. Àmọ́ kí n sọ òótọ́, ó já mi kulẹ̀ lórí ọjọ́. Sátidé láàárọ̀ ló ní kí n wá gbà á torí òde ọjọ́ Sunday, nígbà tí mo débẹ̀ wọn ò tíì gé e rárá, inú bí mi gan-an, aṣọ míì ni mo wọ lọ òde. Ó tó ọjọ́ mẹ́wàá sígbà yẹn kí n tó rí i gbà. Tẹ́ ẹ bá lóde ẹ tètè gbé e lọ, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Sátidé tí mo lọ bínú yẹn náà ni mo rí ohun tó jẹ́ kí n máa kọ èyí. Mo bá àwọn òbí àtọmọ lórí bẹ́ǹṣì, kálukú gbé náílọ̀n dání. Gbogbo Sátidé láti aago 8 títí di 12 ọ̀sán, yúnífọ́ọ̀mù ọmọ ilé ìwé nìkan ló ń tún ṣe, kò gba kọ́bọ̀, ohun kan ṣoṣo tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́ wá. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó fi ọwọ́ méjèèjì bo ìdí ní gbogbo ìgbà tó fi dúró, ṣòkòtò káákì ẹ̀ ti já lójú ìjókòó. Wọ́n fún un ní ìró kan kó ró mọ́dìí. Àǹtí yìí ò kàn mú àkísà lẹ̀ ẹ́ o, ó tú ìṣẹ́tí ẹsẹ̀ ṣòkòtò yẹn, ó gé káákì níbẹ̀, ó ní tóun bá lo tuntun àwọ̀ ẹ̀ á yàtọ̀ sí èyí tí oòrùn ti pa, àwọn ọmọ á sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó tẹ́ ẹ sínú, ó fi máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ rán an lọ rán an bọ̀, ó lọ̀ ọ́. Nígbà tọ́mọ yẹn wọ̀ ọ́ tán, ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì bọ́ sílẹ̀.

Mo bi í pé kí ló dé tó fi ń ṣe é. Ó ní láti 2023 ni, lẹ́yìn 29 May tí ààrẹ sọ lọ́jọ́ ìbúra pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ ọ́n, epo tí ò tó 200 náírà nílé epo tẹ́lẹ̀, nígbà tó fi máa di July ọdún yẹn ó ti lé ní 600, ní October 2024 ó kọjá 1,000, owó mọ́tò gbéra, gaàrí gbéra, òun alára pa jẹnẹrétọ̀ tì, áyọ́ọ̀nù èédú ló ń lò. Ó ní òun á tan rédíò láti àárọ̀ dalẹ́, òun á máa bá oníbàárà jiyàn ọ̀rọ̀ ìjọba títí orí á fi máa fọ́ òun, àfìgbà tí ọmọ ilé kejì wá bá òun tó ń sunkún pé wọ́n dá òun padà nílé ìwé torí aṣọ tó ya. Ó ní, "Mo pa rédíò. Ṣé mo lè dé Abuja ni? Ibi tọ́wọ́ mi tó nìyí, ẹ̀gbọ́n mi."

Mi ò sọ pé ká dákẹ́ fún ìjọba o, mo dìbò, màá tún dì í. Àmọ́ nílẹ̀ Ẹ̀gbá níbí, abẹ́rẹ́ àti ọ̀rọ̀ ìlú ò jìnnà síra wọn. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó jọ, ìránṣọ, oúnjẹ sísè àti kíkọ́ àwọn ìyá ọjà níwèé ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kó tó di pé ní 1947 wọ́n tú lọ sáàfin Aké lórí owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin, títí Aláké ìgbà yẹn fi fi oyè sílẹ̀ ní January 1949. Wọ́n ti jókòó ti ara wọn kí ọjọ́ ìjà tó dé.

Ẹ gbé aṣọ òde yín lọ fún un, owó tó bá rí níbẹ̀ ló fi ń ra òwú tọmọ ilé ìwé. Bẹ́ǹṣì kan ló wà, ooru sì ń mú, ẹ tètè dé. Sátidé tó kọjá mo mú páálí bọ́tìnnì funfun kan lọ, mo rò pé màá kàn fún un kí n máa lọ, ó ní kí n jókòó, ó na abẹ́rẹ́ sí mi. Bọ́tìnnì 17 ni mo rán kó tó di ọ̀sán.