Àyẹ̀wò HIV fáwọn ọkùnrin Látínò ní Amẹ́ríkà: nílé ni tàbí ní kílíníìkì?

Ọ̀pọ̀ ọkùnrin Látínò ni kì í fẹ́ kí ojúlùmọ̀ rí wọn lẹ́nu ọ̀nà kílíníìkì HIV. Ìtìjú ni ti àwọn kan. Àwọn tí kò níwèé ìgbélùú ń bẹ̀rù pé orúkọ àwọn á dọ́dọ̀ ìjọba. Irú wọn ni OraQuick, ohun èlò téèyàn fi ń yẹ ẹnu ara rẹ̀ wò nílé bóyá òun ní HIV, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2012, wúlò fún jù.

Ìlànà rẹ̀ wà lédè Spéìn. Kéèyàn má jẹ, kó má mu fún ìṣẹ́jú 15 ṣáájú. Kó fi ọ̀pá náà nu erìgì òkè lẹ́ẹ̀kan, ti ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó wá tì í bọnú ìgò kékeré olómi náà. Ìṣẹ́jú 20 sí 40 ni kó kà á. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, èsì lè ṣini lọ́nà. Tí ìlà bá yọ níbi C àti T tó wà lára ọ̀pá náà, kódà kí ti T ṣe bàìbàì, ó ṣeé ṣe kí HIV wà, ó sì di dandan kí wọ́n fẹ̀jẹ̀ tún un yẹ̀ wò.

Àkókò ló kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀. Ó lè gba ọjọ́ 90 lẹ́yìn téèyàn kó HIV kí àyẹ̀wò ẹnu tó fi hàn. Ẹ̀jẹ̀ tí kílíníìkì fà nínú iṣan lọ sí láàbù sábà máa ń fi hàn láàárín ọjọ́ 18 sí 45. Ẹni tó fura pé òun lè ti kó o lóṣù tó kọjá, kílíníìkì ni tiẹ̀. Tí kò bá tíì pé wákàtí 72, kó tètè lọ béèrè PEP, oògùn tí kì í jẹ́ kí HIV ráyè fìdí múlẹ̀ lára.

Kílíníìkì náà gbọ́dọ̀ ní òṣìṣẹ́ tó gbọ́ èdè Spéìn o. Ta ló fẹ́ kí ọmọ òun máa ṣògbufọ̀ irú ọ̀rọ̀ yìí?